Òkúta Tí Èrò Fi Sílẹ̀: Láti Agége dé Ẹ̀yìn Olúmọ

Bí ọmọ Agége tàbí ọmọ Ìkẹjà bá ka àkọlé yìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ni ó kan òun pẹ̀lú òkúta. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga ní Ògbà, tàbí tí ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Agége, yangí pupa ni yóò kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn náà yóò kan amọ̀ àti yanrìn. Kò ní kan àpáta. Láti Òpópó Ọba Akran títí dé Ìju, kò sí òkúta kan tí ó ga tó ènìyàn tí Ẹlẹ́dàá fi síbẹ̀. Èyí tí a bá rí, ọkọ̀ ni ó gbé e wá. Síbẹ̀síbẹ̀, orí òkúta ni gbogbo wa ń gbé. Ẹ lọ wo abẹ́ ojú irin tí ó la àárín Ìkẹjà àti Agége kọjá, ẹ ó rí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí kọnkéré ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ ti là, ẹ ó rí òkúta dúdú-òun-funfun nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú ẹ̀kuru. Ibi tí irú àwọn òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége fi máa ń lọ ṣeré níbẹ̀ nígbà kan, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn kò lọ mọ́, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n ṣe àlàyé irú eré tí mo ń sọ. Gígun òkúta, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní bouldering, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gígun òkè. Ẹni tí ó gun òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ó gùn; ẹsẹ̀ àti èémí ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹni tí ń gun òkúta a máa wá òkúta kan ṣoṣo tí kò ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Kò lo okùn, kò lo irin, kò gbé àkàbà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti ọgbọ́n orí rẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni yóò gbé e dé òkè, ṣùgbọ́n kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá bí òun yóò ti ṣe ẹ̀kẹta nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ó bá já bọ́, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn ti òde òní fi ń tẹ́ fóòmù nípọnnípọn sílẹ̀, irú èyí tí a ń ṣe ní Ọba Akran fún ìbùsùn. Àwọn tí ń ṣe eré náà a máa pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a lè gbà gun òkúta ní ìṣòro. Lójú tèmi, àlọ́ àpamọ̀ ni ó jọ jù. Òkúta ni ó ń pa á, ara ni ó ń já a.

Ilẹ̀ Faransé ni eré yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, nínú igbó Fontainebleau tí ó tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí Paris. Àwọn ará ìlú Paris ti ń gun òkúta ibẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú wọn, Pierre Allain, ni ó ṣe bàtà onírọ́bà tí abẹ́ rẹ̀ dán, tí ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Ní 1947 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kun àmì sí ara òkúta kí àlejò lè mọ èyí tí ó kàn. Ní Amẹ́ríkà, John Gill, onímọ̀ ìṣirò tí ó tún mọ eré ìdárayá inú gbọ̀ngán dáadáa, ni ó kọ́ àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1950 láti máa fi ìyẹ̀fun funfun pa ọwọ́ kí òógùn má baà mú un yọ̀. Ìgbà tí a ṣe Ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 2021 ni eré náà kọ́kọ́ wọ inú ìdíje ńlá yẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí òkúta wà kì í ní òkìkí títí láé. Òkìkí a máa dé bí òjò, a sì máa dá bí òjò. Ní Hueco Tanks, ní ìpínlẹ̀ Texas, gbogbo ayé ni ó ń lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwòrán àwọn ará ìgbàanì wà lára àwọn àpáta náà, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ sì kà á sí ibi mímọ́. Èrò pọ̀ títí ó fi di wàhálà, ní 1998 ìjọba ìpínlẹ̀ náà wá fi òfin dín iye àwọn tí ó lè wọlé kù: ènìyàn 70 péré lẹ́ẹ̀kan náà ní òkè tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ gba ibòmíràn lọ. Níbẹ̀, èrò ni ó fẹ́ ba òkúta jẹ́. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, òdìkejì rẹ̀ ni mo bá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìkẹjà. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ni ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ ọtí Guinness dé ní 1962. Ti táyà Dunlop, ti aṣọ híhun, ti ọ̀dà, ti ìpara, ti ìpápánu tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wá láti Ẹ̀gbá, láti Ìjẹ̀bú, láti Ọ̀yọ́, láti Ìbíní, láti ilẹ̀ Ìgbò àti láti òkè ọya. Agége ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn, Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ojú irin ni ó so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ìdílé wa ń pè ní Bàbá Agége, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1971 ni ó gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Lẹ́nu Bàbá Agége ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa àwọn òkúta ẹ̀yìn Olúmọ. Ó ní bí ó bá ti di ọjọ́ ìsinmi, yálà Ajé Ọdún Àjíǹde tàbí ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ọmọkùnrin ibi iṣẹ́ a kó ara wọn jọ, wọn a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége láàárọ̀, wọn a gba Agbádo àti Ìfọ̀ kọjá, wọn a sọ̀ ní Láfẹ́nwá, wọn a sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Olúmọ. Wọn a gun Olúmọ bí gbogbo ènìyàn ti ń gùn ún, wọn a kí àwọn ìyá tí ń bẹ lábẹ́ àpáta. Lẹ́yìn náà ni eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Wọn a lọ sí ibi tí àwọn òkúta ńláńlá kan wà láàárín igbó díẹ̀, tí kì í ṣe ojúbọ, tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, wọn a bọ́ ẹ̀wù, wọn a máa bá ara wọn díje. Bàtà kánfáàsì ni wọ́n ń wọ̀, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wọ bàtà rárá. Eérú tí wọ́n bù nídìí ààrò ìyá alákàrà ni wọ́n fi ń pa ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé Òyìnbó kan ń fi ìyẹ̀fun pa ọwọ́ ní Amẹ́ríkà.

Mo bi í léèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹ ń wá lọ gan-an? Ṣebí kò sí owó níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Bí ènìyàn bá dúró nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí méjìlá, tí etí rẹ̀ ń hó, tí òwú ń wọ ihò imú rẹ̀, ṣé ọtí nìkan ni o rò pé yóò máa wá? Lára òkúta yẹn, kò sí ẹ̀rọ tí ń lé mi. Bí mo bá fẹ́, mo gbé ẹsẹ̀. Bí n kò bá fẹ́, mo dúró."

Wọ́n fún àwọn òkúta náà lórúkọ, ibi iṣẹ́ sì ni wọ́n ti mú orúkọ náà wá. Fọ́máànù ni èyí tí ojú rẹ̀ le koko láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí kò fún ènìyàn ní ohun tí a lè dì mú. Ṣífìtì Òru ni èyí tí ó wà lábẹ́ igi, tí oòrùn kì í dé, tí gígùn rẹ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀. Owó Oṣù ni èyí tí ó ní ètí tẹ́ẹ́rẹ́ kan: bí o bá ti dì í mú báyìí, ó ti tán. Ìyàwó Máníjà ńkọ́? Dídán ni, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án ṣe àṣeyọrí. Bàbá ka méje fún mi, ó ní wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó pa àlọ bíbọ̀ yìí kò ṣòroó mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já ènìyàn kulẹ̀. Ètò ìṣúnná ọrọ̀ ajé ti 1986 dé, owó náírà já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró. Dunlop pàápàá kò ṣe táyà mọ́ ní Ìkẹjà láti 2008. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ kò ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn wọn rí ibòmíràn lọ: ilé ìtajà ńlá aláfẹ́fẹ́ tútù tí ó ṣí ní Aláùsá ní 2011, òkun, bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ tútù dára.

Ní 2017 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, a sì ṣí i ní oṣù kẹfà 2021. Mo wọ̀ ọ́ ní Agége, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Babatúndé Rájí Fáṣọlá pè, mo sì sọ̀ ní Laderin ní Abẹ́òkúta, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Ìrìn náà kò gba wákàtí méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ sùn nínú ọkọ̀ náà, nítorí pé láàárín àkókò kúkurú yẹn ni a ń gba orí irú ilẹ̀ mẹ́ta kọjá. Yanrìn àti yangí ni ti Agége àti Agbádo, ohun tí omi gbé wá dà sílẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Bí a bá ti dé agbègbè Papalántò àti Èwékorò, òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkun ti bo ibẹ̀ rí. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ni ó di òkúta náà, òun sì ni a ń sun ṣe sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí 1960. Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, tí a sì rí akọ òkúta àkọ́kọ́ tí ó yọ orí láàárín oko ẹ̀gẹ́. A ti kúrò lórí ilẹ̀ tí omi kó jọ, a ti bọ́ sórí egungun ayé gan-an.

Báwo ni òkúta wọ̀nyí ṣe wá di roboto, tí ọ̀kan ń gun orí èkejì bí ẹni pé òmìrán ni ó tò wọ́n? Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ṣe àlàyé rẹ̀. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun gbígbóná tí ó yọ́ ru wá láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé òde. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti tutù díẹ̀díẹ̀. Ìtutù pẹ̀lẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ẹyọ inú rẹ̀ tóbi, tí a fi ń rí dúdú, funfun àti èyí tí ń dán lójú oòrùn. Nígbà tí ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ṣí kúrò, ara rẹ̀ là ní ìbú àti ní òró. Omi òjò ń wọ inú àlà náà. Ẹ wo iṣu tí a gé sí igun mẹ́rin tí a sì sè jù: igun rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń rà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Omi jẹ igun òkúta di erùpẹ̀, àárín rẹ̀ kù ní roboto, òjò tún wá wẹ erùpẹ̀ náà lọ. Èyí tí ó kù lórí ara wọn ni àwa ń wò. Orí akọ òkúta rí ṣákaṣàka, bàtà kì í tètè yọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà ó dára fún gígùn. Ṣùgbọ́n ó ń bó ènìyàn láwọ. Ìka mi mẹ́rin ni ó jẹ́rìí sí èyí.

Olúmọ ni olórí wọn. Gíga rẹ̀ tó mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé sá sí ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe aṣáájú wọn, òun ni ìlú sì fi ń jẹ́ Abẹ́-òkúta títí di òní. Ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ ṣì wà lára àpáta nínú ihò ìsádi náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì wá ní 1851 àti ní 1864, wọn kò rí ìlú náà kó. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ ní 1976, wọ́n sì tún un ṣe ní 2006, tí wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. Mo gun ún ní àtẹ̀gùn àtijọ́, tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ojúbọ ni Olúmọ, ọdọọdún ni wọ́n ń bọ ọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ láti fi í díje ti ṣìnà. Bàbá Agége tilẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé, "Olúmọ, kí i ni a ń kí i. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o lọ bá ṣeré."

Ọjọ́rú ni mo lọ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wà lórí Olúmọ pẹ̀lú olùkọ́ wọn, ariwo wọn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà sí ọ̀nà tí Bàbá júwe, n kò bá ẹnì kankan pàdé. Ipa ẹsẹ̀ ti pa rẹ́. Akínṣán àti ẹ̀gún ti bo ẹnu ọ̀nà. Mo rí Ṣífìtì Òru, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí pé igi náà ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti tóbi sí i. Ohun tútù aláwọ̀ ewé ti hù bò ó lára. Àwọn ibi tí ọwọ́ ti máa ń dì í mú ṣì ń dán díẹ̀ lábẹ́ ewé náà, bí ìgbà tí èékánná àgbà bá ń dán. Mo fi aṣọ nù ún, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní ẹ̀karùn-ún, mo dé ìdajì. Àǹfààní kan wà nínú pé kí ènìyàn dé ibi kan lẹ́yìn òkìkí rẹ̀: kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. O ní láti fi ọwọ́ ara rẹ ka òkúta náà. Inú mi dùn fún nǹkan bí wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ni mo wá Fọ́máànù lọ. Bàbá ti sọ pé bí mo bá dúró nídìí Ṣífìtì Òru tí mo kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, n ó rí i. N kò rí i. Ohun tí mo rí ni ihò kan tí omi òjò dúró sí, àti ìdí òkúta kan tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wáyà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó ti pọ́n wà nílẹ̀ káàkiri, ó ká bí òrùka. Inú táyà ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Bí a ti ń fọ́ àpáta nìyí láìsí ẹ̀rọ: wọn a kó táyà àlòkù jọ sórí rẹ̀, wọn a dáná sí i mọ́jú. Iná a mú awọ òkúta gbòòrò nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Awọ a là kúrò lára inú, wọn a wá fi òòlù ńlá gbá a wálẹ̀. Bóyá ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe òmíràn nínú àwọn táyà náà nígbà tí Ìkẹjà ṣì ń ṣe táyà. Kò jìnnà síbẹ̀ ni mo ti rí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́, tí ìyá arúgbó kan jókòó tì lábẹ́ ìbòòji páànù, tí ó ń fi òòlù kékeré fọ́ ọ.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ á pé o." Ó dáhùn, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un, ẹnu yà á.

Ó ní, "Àwọn ọmọ ojú irin! O mọ̀ wọ́n? Àkàrà ni èmi ń dín níhìn-ín nígbà náà. Wọn a fi eérú mi pa ọwọ́, wọn a ra àkàrà mi tán. Wọn ò wá mọ́. Èrò ni mo ń tà fún tẹ́lẹ̀, òkúta fúnra rẹ̀ ni mo wá ń tà báyìí."

Mo bi í pé níbo ni tipa ń kó o lọ. Ó ní díẹ̀ ń lọ sí Ṣágámù, ṣùgbọ́n ti Èkó ni ó pọ̀ jù, Ìkẹjà, Ọ̀tà, ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé.

Mo rò ó títí. Òkúta Abẹ́òkúta ti ń bọ̀ ní Èkó tipẹ́tipẹ́. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti 1908 síwájú, ní Àrò, nítòsí Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń wú òkúta tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé wá sí Èkó láti fi ṣe ògiri ńlá inú òkun ní ẹnu èbúté, kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé láìfi ìdí gúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn Èkó láìdárúkọ Àrò kò tíì kọ ọ́ tán. Nítorí náà n kò lè sọ pé kí a má fọ́ òkúta mọ́. Inú ilé tí a fi òkúta kọ́ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí a ṣe ń yan èyí tí a óò fọ́. Olúmọ wà láìfọ́ nítorí pé òrìṣà ń ṣọ́ ọ, ìjọba sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn òkúta kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní òrìṣà, kò ní ìwé ìjọba. Èrò nìkan ni ó ń ṣọ́ wọn, láìmọ̀ pé àwọn ń ṣọ́ ohunkóhun. Ọjọ́ tí èrò tú ká ni táyà dé. Lóòótọ́, èrò a máa ba òkúta jẹ́: wọn a kọ orúkọ olólùfẹ́ sí i lára, wọn a da ọ̀rá sílẹ̀. Mo rí irú rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n kọ orúkọ olólùfẹ́ sí ṣì wà níbẹ̀, a lè fọ̀ ọ́. Fọ́máànù kò sí mọ́.

Ìyá náà kò sì ṣẹ̀. Bí a bá ní kí ó gbé òòlù sílẹ̀, kí ni yóò jẹ? Ọ̀nà tí mo rí kò ju kí a padà di èrò lọ. Ẹgbẹ́ wa ń lọ ìrìn àjò ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Abẹ́òkúta kò jìnnà. Kí a lọ pẹ̀lú ìwé àti okùn ìwọ̀n, kí a kọ orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan tí ó bá kù sílẹ̀, kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìtòkò ohun tí àwọn ń pè wọ́n kí àwọn ọmọ ojú irin tó dé. Mo mọ̀ dájú pé wọ́n ní orúkọ àgbà ju Fọ́máànù lọ. Àwọn olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ èdè lè bá wa wò ó bóyá oríkì wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gùn, kí ó gùn. Kí ó ra àkàrà.

Nígbà tí mo dé Agége, mo ròyìn fún Bàbá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó bèèrè bóyá Owó Oṣù wà. Mo ní ó wà, mo fọwọ́ kàn án, ó sì tán lóòótọ́ bí wọ́n ṣe wí. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń lọ nígbà náà, tí wọ́n ṣì wà láàyè: méjì wà ní Agége níhìn-ín, ọ̀kan wà ní Ìju, ẹnì kan ti padà sí Òṣogbo. Mo ti kọ àdírẹ́sì wọn sílẹ̀. Òkúta méje ni orúkọ wọn wà nínú ìwé mi. Mo ti rí mẹ́rin, ọ̀kan ti lọ, méjì ni n kò tíì wá dé.